Ogún àbí Ògún: Bí Mo Ṣe Yan Ampilifáyà fún Yàrá Kékeré

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà tí bàbá tó bí màmá mi fi sílẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń sun ìjálá. Ẹnì kan nínú ẹbí ló gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ ìnáwó kan, kí wọ́n tó bí mi. Bàbá ti lọ, kò sì sí ibòmíràn tí a ti lè gbọ́ ohùn wọn mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì yìí ni mo ń lò fún pròjẹ́ẹ̀tì mi lọ́dún yìí. Mo fẹ́ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí n sì wo bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe ń rìn nínú ìjálá.

Mo lè fi íàpíìsì gbọ́ ọ, mo sì lè gbé e sínú Praat lórí kọ̀ǹpútà. Mo ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n Praat kò mọ oríkì, màmá mi ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ló lè sọ pé orúkọ baba ńlá wa kan ni ohun tí mo rò pé ariwo lásán ni. Nítorí náà, ó di dandan kí èmi àti wọn jókòó pa pọ̀, kí á máa gbọ́, kí á máa dá a dúró, kí á tún un gbọ́. Íàpíìsì kan kò ṣeé pín fún ènìyàn méjì fún wákàtí mẹ́ta. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ampilifáyà àti sípíkà méjì nìyẹn, fún yàrá tí mo háyà l'Ágbowó, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 10.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo dé ọjà, mo ní mo fẹ́ ampilifáyà, ẹni tó ń tà á sì bi mí pé, "Àǹtí, wáàtì mélòó?" bí ẹni pé ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Èmi náà ò béèrè nǹkan mìíràn. Mo ra èyí tí wọ́n kọ 1,000 W sí lójú, tí iná aláwọ̀ búlúù ń sáré kiri iwájú rẹ̀. Mo gbé e délé, mo tàn án, n kò tíì fi kásẹ́ẹ̀tì sí i tí sípíkà ti ń kùn hùùù.

Màmá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé. A gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹfà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: *Ògún baba mi ni*. Màmá mi ní, "Bóyá." Wọ́n tún dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Àbí *Ogún baba mi ni*?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé wa. Bó bá jẹ́ Ògún, òrìṣà tí baba wọn ń bọ ni wọ́n ń dárúkọ. Bó bá jẹ́ ogún, ìjálá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ohun tí wọ́n jogún. Àbúrò màmá mi kan kò fẹ́ kí á fi kásẹ́ẹ̀tì náà han àwọn ọmọ rárá, nítorí wọ́n gbà pé ìbọ ni gbogbo rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín méjèèjì kò ju ohùn orí sílébù àkọ́kọ́ lọ: ohùn àárín ni tàbí ohùn ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá kíláàsì fònẹ́tíìkì ní ẹ̀ka wa mọ̀ pé bí ohùn ìsàlẹ̀ bá ṣáájú ohùn òkè, ohùn òkè náà yóò máa gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gígùn yẹn ni etí ń wá. Praat ì bá ti bá wa parí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí gbólóhùn náà wà gan-an ni àwọn obìnrin ilé ti ń dáhùn, ìlà ohùn sì já wẹ́wẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Nígbà náà ni mo wá jókòó láti mọ ohun tí ń kùn. Iná tí wọ́n ń fún wa ní Nàìjíríà, 50 Hz ni. Inú ampilifáyà, wọ́n ń sọ iná yẹn di irú èyí tí bátìrì ń gbé jáde, ohun tó bá sì kù nínú rẹ̀ tí kò dán a máa mì ní 100 Hz. Kàpásítọ̀ ńláńlá ló yẹ kó gbé èyí mì. Níbi tí wọ́n bá ti fi kàpásítọ̀ kékeré sí i kí ọjà lè pọ́ọ́kú, tàbí tí èyí tó wà níbẹ̀ ti gbẹ, kíkùn náà á jáde sí sípíkà. Ẹ wá wò ó: ohùn ìsàlẹ̀ àgbàlagbà ọkùnrin sábà máa ń wà ní àyíká 100 Hz. Ibi tí mo ti ń wá ohùn bàbá gan-an ni ampilifáyà mi dúró sí tó ń kùn. Lóòótọ́, etí lè fi àwọn ìró tó wà lókè ìró ìpìlẹ̀ mọ ohùn, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó tẹ́lẹ̀, tó ń ṣe ṣììì, kò ní àfikún ìyọnu kan tó fẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ wáàtì, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Dẹ́síbẹ̀lì kì í lọ bí a ṣe ń ka owó. Bí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré lẹ jèrè, etí á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ju pé nǹkan sún díẹ̀. Kí ó tó lè dún létí bí ìlọ́po méjì, ẹ máa nílò nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Ìyẹn ni pé láàárín ampilifáyà 30 W àti 60 W, owó lè yàtọ̀ gan-an, ohùn ò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ kà wà lẹ́yìn sípíkà tàbí nínú ìwé rẹ̀. Lára tèmi, wọ́n kọ 87 dB sí i: bí ẹ bá fún un ní wáàtì 1, ẹni tó dúró ní mítà 1 á gbọ́ dẹ́síbẹ̀lì 87. Sípíkà méjì fi 3 kún un. Mo máa ń jókòó ní nǹkan bíi mítà 2, jíjìnnà yẹn á sì yọ 6 kúrò (bó bá jẹ́ ìta gbangba ni, yàrá máa ń dá díẹ̀ padà). Ó ku 84. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bára wọn sọ kì í sábà ju 60 sí 65 lọ. Nítorí náà, bí a bá ń gbọ́ ohùn bàbá ní ìwọ̀n ẹni tó jókòó síwájú wa, kò tó wáàtì 1 tí sípíkà ń jẹ! Ibi tí wáàtì ti ń ṣiṣẹ́ ni ìgbà tí ìyáàlù bá dún lójijì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń gbọ́ orin ní 75 dB, tí ìlù sì fò dé 95: 11 ló fi ga ju 84 lọ, ìyẹn sì ń béèrè nǹkan bíi wáàtì 13. Ampilifáyà tó ní ojúlówó wáàtì 20 tàbí 30 fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ti tó, ó ti ṣẹ́kù.

Mo ní ojúlówó, torí iye tí wọ́n ń kọ sójú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n pè ní RMS ni ẹ lè gbà gbọ́. Èyí tí wọ́n pè ní PMPO, ẹ fò ó kọjá. Mo yí ẹ̀rọ mi alágbára 1,000 padà wo ẹ̀yìn, mo bá a pé 60 W ni wọ́n kọ pé ó ń fà lára iná. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 60, níbo ni yóò ti máa rí 1,000 pọ̀ jáde?

Wáàtì àpọ̀jù tún ní wàhálà tirẹ̀ nínú yàrá kékeré. Bí ẹ bá yí ohùn díẹ̀ báyìí, ó ti pọ̀ jù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó máa lò ó sí, ibẹ̀ sì ni sípíkà òsì àti ọ̀tún kì í ti í bára dọ́gba nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ohùn bàbá á kàn yẹ̀ sápá kan.

Mo ta ẹ̀rọ yẹn fún ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe DJ (ó ń gbádùn iná búlúù náà, ó sì ń bá páàtì mu), mo wá lọ wá tòkunbọ̀. Ibẹ̀ gba ìfura. Èyí tó wá láti Japan, 100 fóòtì ló ń jẹ. Ti Amẹ́ríkà, 120. Iná tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá kì í bọ iná bẹ́ẹ̀, èéfín lẹ máa rí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń tà á bá fẹnu sọ. Tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ wà lọ́jà, àmọ́ owó rẹ̀ wà lórí owó ẹ̀rọ, òun náà sì lè máa kùn. Mo pinnu pé èyí tó wá láti Ìlú Ọba ni mo fẹ́, torí iná wọn bá tiwa mu.

Ẹ tún wo iye óòmù. Bí ampilifáyà bá ní òun kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré sí 8, ẹ má fi sípíkà óòmù 4 sí i, yóò gbóná kọjá ààlà. Ní ti gbígbóná, àwọn kan nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde ti ń bi mí nípa ampilifáyà oní-fáàfù, èyí tí gíláàsì ń tàn pupa lórí rẹ̀. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Class D kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó ń lo ínfátà, torí èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ló ń gbé dé sípíkà. Class AB ni èmi rà, nítorí òun ni mo rí.

Ẹ̀yin tí bàbá yín fi àwo Haruna Ishola tàbí Yusuf Olatunji sílẹ̀ fún, ẹ wá èyí tó ní ojú ihò tí wọ́n kọ PHONO sí. Ohun tó ń jáde lára abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo kéré gan-an, kò ju bíi mílífóòtì 5 lọ, wọ́n sì ti dín ohùn ìsàlẹ̀ inú àwo kù nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kí ó lè gbà á. Ojú ihò PHONO ló ń dá a padà. Bí ẹ bá kì í bọ AUX, orin á tín-ín-rín, á jìnnà, ẹ ó sì máa rò pé àwo ló ti bàjẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì kò nílò èyí, AUX tó fún un.

Ohun tí mo fi dán tòkunbọ̀ náà wò ní ṣọ́ọ̀bù kò gba ọgbọ́n. Mo ní kí wọ́n so sípíkà mọ́ ọn, kí wọ́n má fi orin kankan sí i. Mo yí i dé ibi tí mo máa ń gbọ́ nǹkan dé, mo gbé etí sún mọ́ sípíkà. Ó ń kùn díẹ̀. Mo yí ohùn lọ, mo yí i bọ̀, ó ń há kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín pé orin wo ni mò ń gbọ́. Mo fi àbùkù méjèèjì yẹn já owó rẹ̀, mo sì gbé e lọ fún bọ̀ọ̀dá ẹlẹ́rọ kan tó pààrọ̀ kàpásítọ̀ ńlá méjì, tó fọ ibi tí a ti ń yí ohùn. 30 W fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà, kò sí iná búlúù kankan.

Ó ku yàrá. Ògiri búlọ́ọ̀kù a máa dá ohùn padà, ìwọ̀n yàrá mi sì ń jẹ́ kí ìró tó wà ní àyíká 47 àti 56 Hz wú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀, mo gbé mátírẹ́ẹ̀sì dúró sí ògiri ẹ̀yìn wa, mo sì pa ibi tí wọ́n kọ LOUDNESS sí, torí ó ń fi kún ìsàlẹ̀ tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ni n kò rí nǹkan ṣe sí. Aago márùn-ún ìdájí ni a fi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà.

Màmá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n ró ìró wọn dáadáa, wọ́n ní kí n tàn án. Mo tàn án, kò kùn. Gbólóhùn náà dé, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀, torí n kò fẹ́ fi tèmi sí wọn létí. Wọ́n ní kí n dá a padà. Mo dá a padà. Wọ́n tún ní kí n dá a padà.

"Àjọkẹ́," wọ́n ní, "ogún ni. Ogún baba mi ni."

Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n pe àbúrò wọn tó ṣì ń sùn, wọ́n sì gbé e síwájú sípíkà.