Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ ráyè gun kẹ̀kẹ́? Ohun tó ṣeé gé kúrò àti ohun tí kò ṣeé gé

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2021, Annemiek van Vleuten ti orílẹ̀-èdè Netherlands na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè bó ṣe dé òpin ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì àwọn obìnrin ní Òlíḿpíìkì Tokyo. Ó rò pé òun ló gba góòlù. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 15 ṣáájú òun débẹ̀. Anna Kiesenhofer ni, ọmọ ilẹ̀ Austria, tó ti já ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù sílẹ̀ látìgbà tí ìdíje 137 kìlómítà náà ti bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe ló ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Kò sí ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ kankan tó ń sanwó oṣù fún un nígbà náà. Onímọ̀ ìṣirò ni, tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé, tó sì ń ṣe ìwádìí àti ìkọ́ni ní yunifásítì EPFL ní ìlú Lausanne, ní Switzerland. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣètò ìgbáradì rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀.

Kí a má ṣì í gbọ́ o: ìgbáradì ráńpẹ́ kò lè gba góòlù Òlíḿpíìkì fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ fi hàn pé iṣẹ́ oṣù àti kẹ̀kẹ́ lè jọ wà nínú ọjọ́ kan náà, bí èèyàn bá mọ ohun tó lè gé kúrò àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ìdáhùn wọn fì sí ni pé wákàtí ṣeé dín kù, ṣùgbọ́n bí ìgbáradì náà ṣe le tó kò ṣeé dín kù.

Kí ló ṣeé gé kúrò?

Láàárín ọdún 1981 sí 1985, Robert Hickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní Chicago ṣe ọ̀wọ́ ìwádìí kan. Wọ́n fi àwọn èèyàn sí ìgbáradì líle fún ọ̀sẹ̀ 10: ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 40 ìṣẹ́jú lójúmọ́, kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan, eré sísá lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dín in kù fún ọ̀sẹ̀ 15, tí wọ́n sì ń wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí VO2 max wọn, ìyẹn òdiwọ̀n ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ tí ara lè lò nígbà tí iṣẹ́ bá le dé góńgó.

Àwọn tó dín ọjọ́ mẹ́fà kù sí mẹ́rin, tàbí sí méjì péré, kò pàdánù òdiwọ̀n náà. Àwọn tó dín 40 ìṣẹ́jú kù sí 26, tàbí sí 13, náà dúró síbi tí wọ́n wà. Ìgbà tí wọ́n wá dẹ ìgbáradì náà, tí wọ́n mú ìdá kan tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta kúrò nínú líle rẹ̀, ni òdiwọ̀n náà tó já wálẹ̀.

Báwo ni ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ń ṣe iṣẹ́ wákàtí?

Ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà, Martin Gibala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2006, ọwọ́ kan gun kẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì fún 90 sí 120 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ kejì fi gbogbo agbára wọn tẹ pẹ́dà fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n sì tún un ṣe nígbà mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ọwọ́ méjèèjì ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àpapọ̀ àkókò ọwọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́wàá ààbọ̀, ti èkejì kò ju wákàtí méjì ààbọ̀ lọ. Síbẹ̀, ìyípadà tó bá iṣan wọn àti eré wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Lọ́dún 2016, ilé ìwádìí yìí kan náà fi ọ̀sẹ̀ 12 dán an wò lára àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe eré ìdárayá. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ fún 45 ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 10 péré ni àwọn yòókù ń lò, nínú èyí tí wọ́n ń sáré tagbáratagbára fún ìṣẹ́jú àáyá 20 lẹ́ẹ̀mẹta. VO2 max àwọn méjèèjì fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Inú sẹ́ẹ̀lì iṣan ni àlàyé rẹ̀ wà. Bí a bá ń fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà, agbára tí iṣan ń ná máa ń pọ̀ ju èyí tó ń wọlé fún un lọ. Sẹ́ẹ̀lì á fura sí àìtó yìí, yóò sì jí èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PGC-1α, tó ń mú kí mitokóńdíríà pọ̀ sí i. Mitokóńdíríà ló ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára. Ńṣe ló dà bí olóúnjẹ tó rí i pé oníbàárà ti pọ̀ ju ààrò òun lọ, tó wá mọ ààrò sí i.

Kí ni kúkúrú kò lè ṣe?

Ẹ má tìtorí èyí sọ gbogbo ìgbáradì di eré àsápajúdé. Nínú ìwádìí Hickson, àwọn tó ń lo ìṣẹ́jú 13 pa VO2 max wọn mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfaradà wọn fún iṣẹ́ tó gùn dín kù. Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin láìdákú gbọ́dọ̀ máa fi wákàtí gígùn kọ́ ara rẹ̀.

Stephen Seiler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Agder ní Norway, ti fi hàn pé àwọn eléré ìfaradà tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ lágbàáyé máa ń ṣe nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbáradì wọn ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni líle tó. Ìgbà tí a bá ń sinmi ni ara ń tún ara rẹ̀ mọ, nítorí náà ẹni tó ń gé oorun rẹ̀ lójoojúmọ́ kó lè gun kẹ̀kẹ́ ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, ó ń fi tòsì wó o.

Níbo ni àyè yóò ti yọ?

Ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni ibi àkọ́kọ́. Ìwádìí Yunifásítì Glasgow tó jáde lọ́dún 2017 tẹ̀lé èèyàn tó lé ní 260,000 ní Britain fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Iye àwọn tó kú nínú àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tó ń wọ ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ nìkan ló fà á. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Britain lè béèrè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ wọn nípa ètò Cycle to Work, tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1999. Agbanisíṣẹ́ á ra kẹ̀kẹ́, òṣìṣẹ́ á máa san án díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ owó orí.

Ti Èkó àti Ìbàdàn yàtọ̀. Ẹni tó ti ń jí ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó sì mọ bí dánfó àti ọ̀kadà ṣe ń du ojú ọ̀nà, kò ní fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan ló bá a mu. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi òòfà mú kí pẹ́dà le, tí kò sì nílò iná NEPA. Ooru ni kí ẹ ṣọ́ra fún: bí ara bá ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ á máa ya lọ sí awọ láti tù ú, ọkàn á sì máa ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì ṣe é kí oòrùn tó mú.

Ètò kan tí àwọn olùwádìí ní Trondheim ní Norway sọ di olókìkí wọ inú 40 ìṣẹ́jú. Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 ta ara jí. Ẹ wa á kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, débi pé ẹ kò ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ kí ẹ tó mí. Ẹ rọra wa á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí kíkankíkan náà bá pé ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún rọ ara wálẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kí ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ gun wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé wákàtí mẹ́ta, ó sì bá ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé mu, tó ní kí àgbàlagbà ṣe ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú eré ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tàbí 75 ìṣẹ́jú èyí tó le lọ́sẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tó ti pẹ́ tí kò ti ṣe eré ìdárayá, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dunni, kí a sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan á sì wà tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò ní jẹ́ kí ẹ mí. Lọ́sẹ̀ náà, wákàtí kan ààbọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ọjọ́ méjì tó le ni kí ẹ dì mú, kódà bí ẹ bá ní láti gé wọn kúrú.