Ìdí tí ìró ìsàlẹ̀ fi ń sọnù nínú ọkọ̀: àjọrìn gbohùngbohùn méjì

Ẹnì kan ra gbohùngbohùn ńlá méjì, irú èyí tí a dìídì ṣe fún ìró ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ òun. Nígbà tí ó tan orin, ó retí kí ìlù ńlá dún dé àyà òun; ṣùgbọ́n ohun tí ó gbọ́ kò tó ti gbohùngbohùn kan ṣoṣo. Ó lè rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, tàbí pé ó yẹ kí òun ra ẹ̀rọ ańpílì tí ó lágbára ju èyí lọ. Owó yóò ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe náà lè má ju okùn iná méjì tí ó gba ipò ara wọn lọ.

Gbohùngbohùn ni a pe ohun tí èdè Faransé ń pè ní haut-parleur. A sọ pé ìró ìsàlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohùn ìsàlẹ̀ ti gírámà wa ni à ń wí.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀

Ojú gbohùngbohùn dà bí awọ ìlù. Bí iná bá gba ẹnu kan wọlé, ojú náà á yọ síwájú. Bí ó bá gba ẹnu kejì, á fà sẹ́yìn. Àmì àròpọ̀ (+) àti àmì àyọkúrò (−) ni ó ń fi ẹnu méjèèjì hàn.

Bí a bá so ọ̀kan bí ó ti yẹ, tí a so èkejì ní òdì, nígbà tí èkíní bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, èkejì á máa fà á wọlé. Ó dà bí ènìyàn méjì tí wọ́n fẹ́ ti ọkọ̀ tí ó kú: bí ọ̀kan bá ń tì í láti iwájú, tí èkejì ń tì í láti ẹ̀yìn, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan.

Kí ló dé tí ìró òkè kì í sọnù bẹ́ẹ̀? Ìgbì ìró tí ó mì ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn tó bíi mítà 7. Ó gùn ju inú ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, ìgbì méjèèjì á máa pa ara wọn níbi gbogbo nínú ọkọ̀. Ìgbì èyí tí ó mì ní ìgbà 3400 kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ: wọ́n á pa ara wọn níhìn-ín, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ akọrin nígbà tí ìlù ti sọnù.

Bí a ti ń tún un ṣe

1. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ tú okùn gbohùngbohùn kúrò lára ańpílì.

2. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì oní-fóltì 1,5. Ẹ má ṣe lo bátìrì ọkọ̀, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ fi + bátìrì kan ẹnu +, kí ẹ fi − kan ẹnu −, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Bí ojú bá yọ síwájú, àmì náà tọ̀nà. Bí ó bá fà sẹ́yìn, ẹ yí àmì padà. Ẹ ṣe bákan náà fún èkejì.

3. Bí ẹ bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, + méjèèjì á lọ sí + ańpílì, − méjèèjì á lọ sí −. Bí ẹ bá so wọ́n tẹ̀lé ara wọn, + ańpílì á lọ sí + èkíní, − èkíní sí + èkejì, − èkejì á sì padà sí − ańpílì. Gbohùngbohùn méjì oní-ohm 4 á di ohm 2 ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ohm 8 ní ọ̀nà kejì. Ẹ ka ìwé ańpílì kí ẹ tó yàn.

4. Ẹ tan orin. Bí iyèméjì bá kù, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ pààrọ̀ okùn ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì tún gbọ́. Èyí tí ìlù rẹ̀ wúwo jù ni ó tọ̀nà.

Àwọn gbohùngbohùn kan ní okùn bàbà wíwé méjì nínú, ẹnu mẹ́rin ni wọ́n sì ní. Bí a bá so ọ̀kan nínú wọn ní òdì, ojú kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mì rárá, okùn wíwé náà á sì máa gbóná.

Ọ̀rọ̀ fún àwọn olùkọ́

Ohun tí èdè Faransé ń pè ní en phase, a dábàá àjọrìn fún un. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ ohun tí àwọn fúnra wọn ń pè é. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i pẹ̀lú pé àmì kékeré méjì tí ó mọ̀ ọ́n kà lè gba owó ọjà rẹ̀ là.