Gbogbo Wa La Rí I

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń ka èyí pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ kí agogo tó lù, nítorí náà mi ò ní pẹ́.

Ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn láàbù ló kọ́kọ́ ń bí mi nínú. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta tí a wọlé ló bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kì í sì í ṣe jíjò kékeré. Mo ń kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. SS1 ń kọjá, SS3 ń kọjá, àwọn tíṣà pàápàá (ẹ má bínú, sà) ń ká ṣòkòtò sókè láti fo àbàtà. Gbogbo wa la ń pòṣé. Èmi tiẹ̀ ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé, "Ṣé o rí ìwà àwọn èèyàn ilé-ìwé yìí?" Ṣùgbọ́n èmi náà ò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, táńkì ti gbẹ, àwa ará họ́sítẹ̀lì sì ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a ń kàwé, ọmọ kíláàsì wa kan gbé orí lé tábìlì. Ó ní kí n má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ ọ́. Òjò ti rọ̀, atẹ́gùn tútù ń wọlé lójú fèrèsé. Ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. A tó 40 nínú kíláàsì. Mo wò ó. Mo wá wo àwọn tó jókòó sún mọ́ ọn: ọ̀kan ń ṣe iṣẹ́ fíṣíìsì, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú ọkàn mi pé bó bá jẹ́ nǹkan gidi ni, àwọn yẹn ì bá ti sọ̀rọ̀. Oorun ló ń sùn. Mo padà sídìí ìwé mi.

Ó tó ìṣẹ́jú 20 kí ọmọ JSS1 kan tó wá yá rúlà tó yọjú wọlé. Ó ní, "Bọ̀dá, kí ló ń ṣe bọ̀dá yẹn?" Ìgbà yẹn ni gbogbo wa dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

SS ni. Kì í ṣe SS ti kíláàsì o, SS ti ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún wa lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó ní i máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á wá dí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, ìyẹn ló ń fa ìrora. Ó ní òtútù a máa ru ú sókè, àìmu omi tó náà a sì máa ru ú sókè. Nígbà tó dárúkọ omi, mo wolẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ wa lò ní ọsibítù.

Èmi kì í ṣe ìkà èèyàn. Ẹni tó ń ṣe fíṣíìsì yẹn náà kì í ṣe ìkà, òun ló gbé e lẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Kí ló wá ṣe wá fún ìṣẹ́jú 20?

Tíṣà tó ń gba àwa akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn yá mi ní ìwé kan. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní New York, Bibb Latané àti John Darley, ti dán irú nǹkan yìí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1968. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sínú yàrá kí wọ́n máa kọ ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n wá ń tú èéfín wọlé láti ihò kan lára ògiri. Nínú àwọn 24 tó dá jókòó, 18 ló jáde lọ sọ. Àwọn 10 mìíràn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jókòó pẹ̀lú ẹni méjì tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí èéfín bá dé, kí wọ́n kàn wò ó, kí wọ́n sì máa kọ̀wé lọ. Nínú àwọn 10 yìí, ẹyọ kan péré ló jáde. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń fi ọwọ́ lé èéfín kúrò níwájú ojú wọn! Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ojú ló kọ́kọ́ ń tàn wá. Nígbà tí nǹkan ò bá dá wa lójú, ojú ẹlòmíràn la máa ń wò. Ṣùgbọ́n òun náà ń wo tiwa, kálukú sì ti tújú ká bí ẹni tí nǹkan ò ṣe, nítorí ẹ̀rù yẹ̀yẹ́. Ẹ sì mọ ilé-ìwé wa. Bí mo bá pariwo kó sì jẹ́ pé oorun ni lóòótọ́, "Dókítà" ni orúkọ mi á máa jẹ́ títí di WAEC.

Èkejì ni pé ẹrù ti pín. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo rí i, orí mi ni gbogbo rẹ̀ wà. A wá jẹ́ 40. Màmá àgbà mi máa ń sọ nípa ewúrẹ́ kan tí wọ́n jọ ní nínú agboolé wọn, pé gbogbo ilé ló ń rò pé ilé kejì ti fún un lóúnjẹ.

Èyí tó dùn mí jù nínú ìwé náà ni pé nígbà tí wọ́n bi àwọn tó jókòó sínú èéfín léèrè, wọ́n ní àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kọ́ ló mú wọn jókòó, àwọn rò pé oru omi lásán ni. Bí ẹ bá bi èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màá búra pé mi ò wo ojú ẹnì kankan.

Ọmọ JSS1 yẹn kò gbọ́n jù wá lọ. Ìta ló ti ń bọ̀, kò tíì rí ojú wa. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì fi máa ń sọ pé kí èèyàn má kàn pariwo "ẹ gbà wá o" láàárín èrò. Kó nàka sí ẹnì kan: "Ìwọ tó wọ súwẹ́tà, lọ pe nọ́ọ̀sì wá." Ẹni yẹn ò ní rí ẹni tó máa ti ẹrù sí.

Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà tán, mo lọ bá bàbá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ omi, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnu ẹ̀rọ ẹ̀yìn láàbù ń jò." Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ti ń jò. Wọ́ṣà ló ti jẹ, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí agogo ìsinmi tó lù. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí táńkì ti ń gbẹ làwọn ti ń wá ibi tí omi ń gbà lọ, èmi sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá sọ fún àwọn.