Ìlẹ̀kùn Ta Ni Wọ́n Kàn?

Ìtàn náà dùn gbọ́: ẹrú ń sá lóru láti gúúsù Amẹ́ríkà, ọmọ ìjọ Quaker aláàánú kan, aláwọ̀ funfun, ti tan àtùpà sójú fèrèsé dè é, ó sì fi í pamọ́ sínú ihò abẹ́ ilé. Reluwé Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà. Kò sí reluwé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ ilẹ̀. Àwọn Quaker ṣe gudugudu méje lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí aláwọ̀ funfun ti ń nà láti kékeré, tó wá sá dé ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan, ìlẹ̀kùn ta ni yóò kàn?

Ti ẹni tó jọ ọ́ ni. Nígbà tí Frederick Douglass, ẹrú kan, sá kúrò ní Baltimore ní 1838, Anna Murray, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí kì í ṣe ẹrú, ló fi owó ràn án lọ́wọ́. Ìwé ẹ̀rí awakọ̀ òkun tó mú dání bí ìwé òmìnira, ọwọ́ awakọ̀ òkun aláwọ̀ dúdú kan ló ti yá a. David Ruggles, aláwọ̀ dúdú bíi tiwọn, ló gbà á sílé ní New York. Inú ilé náà ni òun àti Anna ti ṣègbéyàwó.

Ní Philadelphia, William Still, aláwọ̀ dúdú, ni àwọn tó ń sá ń wá lọ, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti oko ẹrú. Ní 1850, ọkùnrin kan ti Alabama dé, ó ní òun ń wá àwọn òbí tí òun ti pàdánù láti kékeré. Bàbá ńkọ́? Levin. Ìyá ńkọ́? Sidney. Àwọn òbí Still gan-an nìyẹn! Peter ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ tí ìyá wọn kò rí gbé nígbà tó ń sá lọ ní nǹkan bí 40 ọdún ṣáájú. Abájọ tí Still fi ń fara balẹ̀ kọ ìtàn ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sílẹ̀, kí ẹbí lè rí ẹbí. Ó fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́. 1872 ló tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Síbẹ̀, ìjọba pàápàá gba ìtàn Quaker yẹn gbọ́, pé aláwọ̀ funfun ló ń ṣáájú. Ní oṣù kẹsàn-án 1851, Edward Gorsuch tẹ̀lé aṣojú òfin wá sí ilé William Parker ní Christiana, ní Pennsylvania, láti mú àwọn ẹrú rẹ̀ tó sá. Parker alára ti sá kúrò lóko ẹrú rí. Eliza aya rẹ̀ fun fèrè, àwọn aládùúgbò aláwọ̀ dúdú sì tú jáde tìbọn tàdá. Gorsuch kú síbẹ̀. Ènìyàn 38 ni wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn, ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lọ sílé ẹjọ́ bí olórí wọn? Castner Hanway, ọlọ́lọ kan tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, tó kàn gẹṣin débẹ̀, tó kọ̀ láti bá aṣojú òfin náà mú ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. Parker ní tiẹ̀ ti wà ní Kánádà.