Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Gùn Ún Ni Yóò Tún Un Ṣe

Nínú gbogbo eré ìje tí ọmọ aráyé ń fi alùpùpù sá, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí í bú ramúramù gun òkè, n kò tí ì rí èyí tí ó bu ọlá fún ọgbọ́n ọwọ́ tó eré ọlọ́jọ́ mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní International Six Days Enduro. Ìlú Carlisle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá a ní ọdún 1913, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó lágbára àti èyí tí kò lágbára nínú àwọn alùpùpù tí ilé iṣẹ́ gbogbo ń polówó. Láti ìgbà náà wá, yàtọ̀ sí ìgbà ogun àti ọdún 2020 tí àjàkálẹ̀ àrùn sé aráyé mọ́lé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún tí orílẹ̀-èdè kan kì í gbà á lálejò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1939, nígbà tí wọ́n ń sá a ní Salzburg, òórùn ogun ti gba afẹ́fẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi di ẹrù wọn, tí wọ́n gba ọ̀nà ilé kí eré náà tó parí.

Ẹni tí kò rí i rí lè rò pé orí títì ọlọ́dà ni wọ́n ti ń sá a. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú igbó ni, inú ẹrẹ̀ ni, orí àpáta ni, àti ẹ̀gbẹ́ òkè tí ewúrẹ́ pàápàá yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gùn ún; bí wọ́n bá sì já sí títì ìjọba, wọ́n gbọ́dọ̀ pa òfin ìrìnnà mọ́ bí ará ìlú, ìdí nìyí tí alùpùpù wọn fi ń ní iná àti nọ́ńbà, tí olúkúlùkù wọn sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ibùdó àyẹ̀wò kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ti dá àkókò fún ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó bá pẹ́ yóò jìyà, ẹni tí ó bá sì yá jù yóò jìyà bákan náà. Láàárín àwọn ibùdó wọ̀nyí ni ojú ọ̀nà ìdíje gan-an wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò àkókò eléré dórí ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Níbẹ̀ ni akin ti ń yàtọ̀ sí ojo.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó jẹ́ òpómúléró gbogbo rẹ̀: ẹni tí ó gun alùpùpù náà ni yóò tún un ṣe. Mẹkáníìkì lè dúró nítòsí, ó lè ké ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe sí i létí, ó lè gbé oúnjẹ àti omi fún un, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ohun tí ìwé òfin yọ̀ǹda, irú bí epo rírọ, kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì baà gbọ́n àgbọ́njù, kí ó lọ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lóru, àwọn alákòóso a ti fi ọ̀dà sàmì sí férémù, ẹ́ńjìnnì àti àwọn ẹ̀yà pàtàkì mìíràn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá sàmì sí ni wọ́n gbọ́dọ̀ bá lára rẹ̀ títí di òpin. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ni àwọn baba wa wí, àwọn eléré wọ̀nyí sì gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ọgbà kan tí wọ́n sọ yí ká ni gbogbo alùpùpù ń sùn. Ẹni tí ó ni ín kò gbọ́dọ̀ tún un ṣe níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ mu sìgá nínú ọgbà náà. Ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún eléré láti tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ó tó tì í wọ ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fún un láàárọ̀ kí ó tó gbéra. Nígbà tí wọ́n bá sì fún un ní àmì, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ó sì fi agbára ara rẹ̀ gbé e kọjá ìlà tí wọ́n fà sí mítà 20 níwájú, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọjọ́ tó mọ́ tán.

Ẹ fi ojú inú wo ìṣẹ́jú 15 náà. Ọkùnrin tàbí obìnrin tí ó ti ń bá òkè àti òkúta jà láti òwúrọ̀, tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ẹrẹ̀ ti bo gbogbo ara rẹ̀, ni yóò yọ táyà ẹ̀yìn, tí yóò yọ ti iwájú, tí yóò fi tuntun sí ipò wọn, tí yóò pààrọ̀ fílítà afẹ́fẹ́, tí yóò da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nù tí yóò sì rọ òmíràn, tí yóò wo bíréèkì àti ṣéènì. Bẹ́ẹ̀ ni táyà yìí kì í sábà ní túùbù afẹ́fẹ́ nínú. Fóòmù líle kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, tí ìṣó kò lè lù jo, ṣùgbọ́n tí agídí rẹ̀ pọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ fi í sí ríìmù. Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọganáísà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa níhìn-ín, tí ó rí i bí ó ti ń fi irin wọ̀yá ìjà pẹ̀lú etí táyà, mọ irú iṣẹ́ tí mo ń sọ. Fọganáísà kàn rí àyè sinmi díẹ̀ ni.

Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe kì í ṣe ti inú igbó nìkan. Ẹ̀yìnkùlé ni apá kan rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú aago nílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: fún ọ̀pọ̀ oṣù ni eléré yóò fi máa tú táyà, tí yóò máa dè é, tí yóò tún tú u, títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi lè parí ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, títí yóò fi lè mú sípánà tí ó tọ́ sí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan láìwo ojú rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tí ó bá ń fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ kọ́ eré sísá nìkan, tí kò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kò tí ì múra.

Bí wọ́n bá dé ìlú tí wọ́n ti fẹ́ sá a, iṣẹ́ mìíràn tún ń dúró dè wọ́n. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gun alùpùpù wọ ojú ọ̀nà ìdíje ṣáájú. Ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi rìn ín. Wọn yóò rìn ín ní àrìntúnrìn, wọn yóò ṣàkíyèsí gbòǹgbò àti òkúta àti ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò tún máa wò ó lálẹ́. Síbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n rìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́ ilẹ̀ kan náà mọ́ nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún táyà bá ti hú u, ẹni tí ó bá sì gbójú lé ohun tí ó ti há sórí nìkan yóò bá a níbi tí kò rò.

Bí ọjọ́ kẹfà bá dé, orí pápá eré alùpùpù tí wọ́n ń pè ní motocross ni wọ́n ti ń parí rẹ̀, àwọn tí wọ́n bá sì wà ní ìsọ̀rí kan a gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí àkókò rẹ̀ kò bá fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ti ẹni tí ó ṣe ipò kìíní ní ìsọ̀rí rẹ̀ yóò gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ẹni tí kò bá ju ìdá 25 lọ yóò gba fàdákà. Ẹnikẹ́ni mìíràn tí ó bá parí yóò gba idẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wá láti ẹgbẹ́ abẹ́lé ni ó ń tọrọ owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti ará, tí wọ́n ń ta aṣọ láti rí owó ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n sì mọ̀ dájú pé idẹ ni tiwọn. Èmi kò lè fojú kéré idẹ náà láé.

Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ìgbà pípẹ́, ẹni mẹ́fà ni ó ń wà nínú ẹgbẹ́ àgbà, kí ó tó di mẹ́rin ní ọdún 2016. Àwọn obìnrin mẹ́ta ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: bí ẹ̀rọ ẹnìkan bá kú sínú igbó, àdánù rẹ̀ yóò kan gbogbo wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ìtàn wọn fi èyí hàn mí jù. Ní ọdún 1964 ni ẹgbẹ́ wọn lọ sí Erfurt ní Ìlà-Oòrùn Jámánì lórí alùpùpù Triumph, òṣèré sinimá Steve McQueen sì wà láàárín wọn, tòun ti Bud Ekins, Dave Ekins àti Cliff Coleman. McQueen ṣubú ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Bud Ekins ṣẹ́, eré sì parí fún àwọn méjèèjì. Dave Ekins àti Coleman ni wọ́n gba wúrà wálé. Ọdún 52 kọjá kí ẹgbẹ́ àgbà Amẹ́ríkà tó gba ife ẹ̀yẹ ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Navarra, ní ilẹ̀ Spéènì, ní ọdún 2016, tí Taylor Robert tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn sì ṣe ipò kìíní nínú gbogbo eléré. Ní ọdún 2019, ní Portimão, ní ilẹ̀ Pọtogí, òun àti Kailub Russell tún wà nínú ẹgbẹ́ tí ó gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Brandy Richards, Tarah Gieger àti Becca Sheets gba ife ẹ̀yẹ ti àwọn obìnrin fún Amẹ́ríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn pààrọ̀ táyà.