Ọ̀nà Àyárakọjá ní Pápákọ̀ Òfurufú Amẹ́ríkà: Ta Ni Ó Tọ́ Sí, Èló Sì Ni?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tàbí èrè orí ìpín, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni ó fà á. Ìyá kan nínú ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà lábẹ́ àpapọ̀ wa ni ó kọ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ sí Amẹ́ríkà, ìyá sì fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ tuntun. Físà ti wà lọ́wọ́, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́. Kí wá ni owó náà wà fún? Ìyá ní ẹni tó ń bá òun ṣe ètò ìrìn àjò sọ pé kí òun san 400 dọ́là fún káàdì kan tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dá òun dúró fún àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún, nítorí pé ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kò sì lè tò sórí ìlà pẹ́.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó kò buwọ́ lù ú. Kì í ṣe pé a ṣahun sí ìyá wa. Káàdì tí ẹni yẹn ń tà kò sí fún ẹni tó gbé físà àbẹ̀wò lọ sí Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ 4,000 dọ́là ni ó san. Nígbà tí a sì rí i pé kì í ṣe ìyá yìí nìkan ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, a ní kí a là á yé gbogbo wa.

Ohun tí wọ́n ń sọ náà wà lóòótọ́. Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, ìjọba Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní TSA, láti máa yẹ àwọn èrò ọkọ̀ òfurufú àti ẹrù wọn wò. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú ọkùnrin kan nínú ọkọ̀ òfurufú tó fi ohun abúgbàù pamọ́ sínú bàtà. Ní ọdún 2006, wọ́n tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ ọkọ̀ òfurufú tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Amẹ́ríkà. Láti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni òfin bàtà bíbọ́ ti wá, àti òfin pé ohun olómi inú ẹrù ọwọ́ kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ìgò kan. Ìlà wá gùn, àwọn èèyàn sì ń ráhùn.

Ní ọdún 2011 ni TSA bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PreCheck. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń ṣe yóò tètè lóye rẹ̀. Kí a tó yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, a ó wo ìwé rẹ̀, a ó wo bó ṣe san ti tẹ́lẹ̀, a ó sì pe onídùúró rẹ̀. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n tán, a kì í tún máa tú àpò rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni PreCheck. Ìjọba ń ṣe ìwádìí ẹni náà ṣáájú. Bí wọn kò bá rí àléébù kan, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà kan tí yóò máa fi sínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nítorí náà, owó tí wọ́n ń gbà kì í ṣe owó ìyára. Owó ìwádìí ni. Bí ìwádìí bá gbè ọ́, bí kò bá sì gbè ọ́, wọn kì í dá a padà.

Ẹni tó bá ní PreCheck a máa gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ kọjá ní pápákọ̀ òfurufú tó lé ní 200 nínú Amẹ́ríkà. Kò ní bọ́ bẹ́líìtì tàbí jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò ní yọ kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tàbí ohun olómi jáde nínú àpò. Ti bàtà tí wọ́n máa ń fi polówó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ nǹkan mọ́, nítorí pé ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n fagi lé bàtà bíbọ́ fún gbogbo èrò. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé káàdì tàbí nọ́ńbà yìí kò ní agbára kankan ní Ìkẹjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Ìgbà tí èèyàn bá ń wọkọ̀ òfurufú láti Amẹ́ríkà ni ó wúlò fún, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tó ní i gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n lè ṣàdédé yan ẹnikẹ́ni fún àyẹ̀wò kíkún.

Ta ni ó wá tọ́ sí? Ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú tí àwọn èèyàn ń pè ní gíríìnì káàdì. Ó tán. Ẹni tó lọ bẹ ọmọ wò, ẹni tó lọ ṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé físà ẹ̀kọ́ lọ, kò sí èyí tó lè fi orúkọ sílẹ̀ fún PreCheck nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fiyè sí i pé òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ṣe káàdì ìgbélùú fún lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì náà ni wọ́n ń wò.

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni ìjọba gbà láyè láti máa fi orúkọ sílẹ̀ fún PreCheck, iye wọn kò sì bára mu. Ó wà láàárín dọ́là 76 àti 85, fún ọdún 5. Títún un ṣe dín díẹ̀ sí èyí. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ hàn ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n gba ìtẹ̀ka rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì rí ojúlówó ìwé rẹ̀. Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ náà dáadáa: kò sí ẹni tó lè bá yín tẹ ìka yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè parí rẹ̀ fún yín láti inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, olè ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kí ó gba ojú ìwé ìjọba gan-an lọ, èyí tó ń jẹ́ tsa.gov.

Èkejì ni Global Entry, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008. Àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ni wọ́n ni í, kì í ṣe TSA. Ìgbà tí èèyàn bá ń wọ Amẹ́ríkà bọ̀ láti òkè òkun ni èyí ń ṣiṣẹ́: ẹ̀rọ ni yóò wo ojú rẹ̀, kò ní tò pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ẹni tó bá sì ní Global Entry ti ní PreCheck nínú rẹ̀. Dọ́là 100 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ó ti di 120, fún ọdún 5. Lójú tiwa, ọmọ wa tó bá wà ní Amẹ́ríkà tó sì ń wálé ọdún Kérésìmesì, Global Entry ni kí ó ṣe. Èyí tó fi lé orí PreCheck kò pé dọ́là 50, ọdún 5 sì ni yóò fi jẹ ẹ́.

Ti àwọn ọmọdé yàtọ̀ nínú ètò méjèèjì, ó sì ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀. Nínú PreCheck, ọmọ tí kò ju ọdún 12 lọ lè tẹ̀lé òbí rẹ̀ kọjá láìsan nǹkan. Nínú Global Entry, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́. Owó ni wọn kì í gbà lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, bí òbí rẹ̀ bá ti wà nínú ètò náà tàbí tó ń forúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá àti ìyá tó bá ní i, tí wọn kò ṣe ti ọmọ, gbogbo wọn ni yóò jọ lọ tò sórí ìlà gbọọrọ.

Yàtọ̀ sí ọmọ Amẹ́ríkà àti onígíríìnì káàdì, Global Entry gba ọmọ ìlú àwọn orílẹ̀-èdè kan tó bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn: Jámánì, Íńdíà, Japan, Brazil, Bìrìtìkó àti àwọn mìíràn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ti di ọmọ ìlú Bìrìtìkó lè ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san pọ́nùn 42 fún ìjọba Bìrìtìkó fún ìwádìí tiwọn, kí wọ́n tó san ti Amẹ́ríkà.

Ìwé àti owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìwà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìpànìyàn, ọ̀tẹ̀ sí ìjọba tàbí iṣẹ́ amí kò lè rí PreCheck gbà láéláé. Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀, jìbìtì, fàyàwọ́ àti ìdigunjalè ní ọdún tí wọ́n ń dì í mọ́ èèyàn: ọdún 7 láti ìgbà ìdálẹ́bi, tàbí ọdún 5 láti ìgbà tó jáde lẹ́wọ̀n. Ti Global Entry tún le ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò kà sí ẹ̀ṣẹ̀ nílé lè gbà á lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni kí a di ẹrù oúnjẹ, kí a sì sọ pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ tó ń padà sí Amẹ́ríkà, ẹ ó di èlùbọ́ fún un, ẹ ó di ẹ̀gúsí àti gàrí, ẹ ó sì rọra ki ẹran ìgbẹ́ yíyan tàbí pọ̀nmọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò, ọmọ náà lè má tilẹ̀ mọ̀. Wọn kì í gba ẹran láti ọ̀dọ̀ wa wọ ibẹ̀. Bí ó bá sọ ohun gbogbo tó gbé fún aṣọ́bodè, wọ́n á gba èyí tí òfin kọ̀, wọ́n á sì jẹ́ kí ó máa lọ. Bí kò bá sọ ọ́ tí wọ́n sì rí i, ìtanràn lè tó dọ́là 1,000, wọ́n sì lè fagi lé Global Entry tó fi owó ṣe. Owó náà ń kọ́? Kò sí òfin pé kí èèyàn má gbé owó, ṣùgbọ́n bí ó bá ti lé ní dọ́là 10,000, dandan ni kí ó sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa gan-an, ìyẹn ni orúkọ. Orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá èyí tí a fi forúkọ sílẹ̀ mu rẹ́gí. Ẹni tó jẹ́ Olúwáṣeun nínú ìwé ìrìnnà, tó wá fi Ṣeun ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ti gba orúkọ ọkọ nínú ìwé kan tó sì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú èkejì. Bí orúkọ kò bá bára mu, àmì PreCheck kò ní jáde lára ìwé ìwọkọ̀, òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà kò sì ní gba àlàyé.

Kí ẹ má baà ṣì í mú, ẹ máa rí ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ CLEAR ní àwọn pápákọ̀ náà. Aládàáni ni, kò dín ní dọ́là 190 lọ́dọọdún, ìdánimọ̀ nìkan ni ó sì ń bá èèyàn yára ṣe. Àyẹ̀wò ẹrù wà bó ṣe wà. Àwa kò rí ìdí rẹ̀. Ẹni tó sì ní gíríìnì káàdì tí kò fẹ́ ná kọ́bọ̀ lè lo Mobile Passport Control ti àwọn aṣọ́bodè lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó bá ń wọlé. Ọ̀fẹ́ ni.

Ó ku ti ìyá wa. Ọdún 77 ni ó wà, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti fún un ní ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un. TSA kì í ní kí ẹni tó ti pé ọdún 75 bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì sí fọ́ọ̀mù tàbí owó kankan. Kẹ̀kẹ́ aláìlera ń bẹ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fún ẹni tó bá béèrè fún un ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni òun náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á ṣì yẹ ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ wò. Oògùn olómi tó ju mílílítà 100 lọ kò ní wàhálà, bí ó bá sọ fún òṣìṣẹ́ pé oògùn ni. Nígbà tí ó bá sì ń padà bọ̀ wálé, ọmọ rẹ̀ lè pe TSA Cares ní wákàtí 72 ṣáájú ìrìn àjò, kí wọ́n ṣètò ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ níbi àyẹ̀wò.

A kọ gbogbo èyí sínú ìwé kan fún un kí ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Ó ti gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀ padà, ó sì ní òun yóò fi èyí tó wà nínú ìwé ìfowópamọ́ òun ra aṣọ òtútù.