Oògùn irun, oògùn apárí
Ìhun kan náà ni oògùn ibà àti oògùn owó ní, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ń lé ohun tí ẹ̀yán rẹ̀ dárúkọ, ìkejì ń fà á wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn apárí àti oògùn irun. Faransé kì í fi èyí pamọ́: ó ní «contre la chute des cheveux», gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń polówó Pétrole Hahn àtijọ́. Ní agbègbè Bassila àti Manigri, níbi tí Anii, Nàgó àti Faransé ti pàdé, ẹni tó bá túmọ̀ «chute» sí apárí ti ṣì í. Irun lè máa re kí orí má pá. Ọ̀rọ̀ náà sì ju gírámà lọ. Làpálàpá orí ọmọdé ń mú irun re, ìpara nìkan kì í sì í wò ó. Oògùn gbígbémì bíi griseofulvin ló ń wò ó. Bí a bá pè é ní apárí, ìyá ọmọ lè máa ra ìpara títí.